Apọnoru: ẹ̀rọ tí ń dín agbára ìsèkán kù, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò fi sọ ọ́

Ní agboolé tí a ti tọ́ mi dàgbà ní Àrẹ̀mọ, nílùú Ìbàdàn, ìyá kan wà tí ń se ẹ̀kọ tà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti gbé ìkòkò ńlá ka ààrò, tí yóò sì fi ọmọrí dé e. Bí ẹ̀kọ bá ń hó lọ́wọ́, tí ìyá sì ṣí ìkòkò láti rò ó, omi a máa kán tótó láti abẹ́ ọmọrí sí ilẹ̀. Àwa ọmọdé a máa na ọwọ́ gbà á. Omi náà mọ́ gaara, kò ní àwọ̀ ògì, kò sì ní kíkan ògì. Mo ti dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí n bi ìyá náà: ta ni ó ya omi yìí kúrò lára ògì, nígbà tí kò sí asẹ́ kankan láàrin wọn?

Iná ni ó yà wọ́n. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọmọrí yẹn náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn òpó irin gíga tí a ń rí ní ilé-iṣẹ́ ọtí líle, ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo àti ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe èròjà oògùn. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ní ọdún 2016, David Sholl àti Ryan Lively kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé yíya èròjà kan kúrò lára èkejì ń jẹ nǹkan bí ìdajì gbogbo agbára tí àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò, àti pé irú ìyàsọ́tọ̀ tí a ń fi iná ṣe yìí nìkan ni ó kó nǹkan bí ìdajì ìyẹn. Ẹni tí ó bá lè dín iná yìí kù ti ṣe ohun ńlá.

Ẹ̀rọ kan wà tí ó lè dín in kù. Heat pump ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́, kí a sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò gbé àlàyé náà dúró. A kò ní to ọ̀rọ̀ jọ ṣáájú kí a tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ dúró fún, nítorí irú ìtòjọ bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń ṣẹ̀dá kú sínú ìwé.

Orúkọ iṣẹ́ náà

Àwọn kan ti lo sẹ́ fún iṣẹ́ yìí. A ń sẹ́ ògì, asẹ́ sì ni irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe é. Nínú sísẹ́, ohun líle a dúró sókè, ohun ṣíṣàn a sì kọjá. Ṣùgbọ́n ohun ṣíṣàn ni omi, ohun ṣíṣàn náà ni ọtí. Bí a bá dà wọ́n pọ̀ sínú asẹ́, àwọn méjèèjì ni yóò kọjá. Àwọn tí ń ṣe ògógóró fúnra wọn ń sọ pé àwọn ń sè é. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n a ń se ẹran, a sì ń se ẹ̀wà, kò sì sí ohun tí ń yà kúrò lára ohun kan níbẹ̀. Pọn ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ń lò fún ọtí ọkà bàbà, ìyẹn ọtí tí ń kan fúnra rẹ̀ nínú ìkòkò. A óò padà sí pọn láìpẹ́, nítorí ìdí mìíràn.

Ohun tí ó ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ ni pé a ń sè é, ó sì ń kán. Nítorí náà ìsèkán ni a mú: ì + sè + kán. Òpó irin tí a ti ń ṣe é jẹ́ òpó ìsèkán. Ọ̀rọ̀ náà kò nira, ọmọdé tí ó ti na ọwọ́ sábẹ́ ọmọrí rí yóò mọ ohun tí à ń wí.

Ooru wo?

Níbi tí ìṣòro wà gan-an ni ọ̀rọ̀ ooru. Mo ní láti jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí ó jẹ́ tèmi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ ọtí líle kan bẹ̀ mí pé kí n túmọ̀ àwọn ìkìlọ̀ ara ògiri wọn sí èdè Yorùbá. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé bí ohun tí ń hó jáde láti inú omi bá pọ̀ jù nínú páìpù, kí òṣìṣẹ́ ṣí fáàfù kékeré kan láti òkèèrè, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn. Mo kọ ọ́ báyìí: “Bí ooru bá pọ̀ jù, ẹ ṣí fáàfù kékeré.” Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn mú gidigidi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òógùn ti bò ka ìkìlọ̀ náà, ó rí i pé ooru ti pọ̀ jù nínú iyàrá, ó sì fi ọwọ́ lásán ṣí fáàfù kí atẹ́gùn lè wọlé. Ọlọ́run yọ ọ́; apá rẹ̀ nìkan ni ó bó. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní: “Ẹ má bínú sà, ohun tí ẹ kọ ni mo ṣe.” N kò rí èsì fún un.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo lò, ohun mẹ́ta sì ni ó dúró fún ní ẹnu Yorùbá. A ń sọ pé ooru mú lónìí. A ń sọ pé ooru ń jáde lára ọbẹ̀. A tún ń sọ pé irin gba ooru iná. (Kí á má tíì sọ ti ẹni tí ń ka ìwé àtijọ́, tí ó bá õru pàdé pẹ̀lú àmì lórí, kí ó tó di pé àkọtọ́ 1974 ní kí a máa kọ fáwẹ̀lì méjèèjì.) Nínú ilé, kò sí ẹni tí èyí ń pa lára. Kò tilẹ̀ dí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé lọ́wọ́ púpọ̀: nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà rẹ̀ ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé orí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, èdè náà gbé ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ òpó ìsèkán, ẹni tí kò bá ya àwọn mẹ́ta yìí sọ́tọ̀ kò lè lóye ẹ̀rọ tí à ń sọ, ó sì lè fi apá rẹ̀ san owó àìyé náà.

Ìpinnu wa ni kí a fi ooru sílẹ̀ fún ohun kan ṣoṣo: agbára tí ń wọ inú ohun kan nígbà tí a bá yáná fún un, tí ó sì ń jáde nígbà tí ó bá ń tutù. Ooru ṣe é kà bí a ti ń ka garawa omi. Ìwọ̀n ìgbóná ni ti èkejì: ibi gíga tí ìgbóná ohun náà dé. Kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n. Iná tí ń ta jáde láti ara irin alágbẹ̀dẹ gbóná ju omi ìwẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, síbẹ̀ bí ó bá bà wá lára, a ó gbọn ọ́n dànù, nítorí ooru inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Garawa omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ooru púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ga.

Fún ẹ̀kẹta, ìyẹn ohun tí ń gòkè láti inú omi tí ń hó, a dábàá èéhó. Èdè wa ti ní irú ìṣẹ̀dá bẹ́ẹ̀: èémí láti ara mí, èébì láti ara bì, èérún láti ara rún. Omi ń hó. Ohun tí ó ti inú híhó rẹ̀ jáde ni èéhó. Àwọn kan lè sọ pé kí a lo ìkùukùu tàbí èéfín. Ìkùukùu ti di omi wínníwínní padà kí a tó rí i, èéfín sì ń ti ara ohun tí ń jóná wá. Èéhó gan-an kò ṣe é fi ojú rí. Ohun funfun tí a ń rí lẹ́nu ìkòkò ti ń di omi padà.

Ní àwọn ọdún 1760 ni Joseph Black, olùkọ́ ní Yunifásítì Glasgow, ṣe àkíyèsí ohun kan tí gbogbo ẹni tí ń dáná rí, ṣùgbọ́n tí wọn kò bi ara wọn léèrè. Bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, bí a tilẹ̀ kó igi sí i, kò tún gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ dúró sí 100°C títí tí omi yóò fi gbẹ. Níbo wá ni ooru gbogbo igi yẹn lọ? Inú èéhó ni ó fara pamọ́ sí. Láti mú kílógíráàmù omi kan láti 30°C dé 100°C, nǹkan bí 293 kílójúùlù ni a ó ná. Láti sọ omi kan náà di èéhó ní 100°C láìjẹ́ kí ó gbóná sí i, 2,257 kílójúùlù ni. Ohun tí a ná lẹ́yìn tí omi ti hó ju ìlọ́po méje ohun tí a ná kí ó tó hó lọ. A ó pe èyí ní ooru afarapamọ́. Nígbà tí èéhó bá kan ọmọrí tútù, tí ó di omi, gbogbo ooru afarapamọ́ yìí ni yóò tú sílẹ̀ padà, kò ní dín. Ìdí nìyí tí èéhó fi ń bó ènìyàn ju omi gbígbóná lọ.

Ibi tí ooru ń lọ

Ẹ jẹ́ kí á lọ sí etí omi ní ìhà Ìlàjẹ àti Òkìtìpupa, níbi tí a ti ń se ògógóró láti ìgbà tí ó ti pẹ́. Àdéhùn Saint-Germain-en-Laye ti ọdún 1919 ka ìsèkán ọtí líle léèwọ̀ ní apá tí ó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi ọlọ́pàá lé àwọn tí ń sè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parun. A ń fi ògùrọ̀ sílẹ̀ kí ó kan dáadáa, a ó dà á sínú àgbá irin, a ó dí ẹnu àgbá náà, a ó sì dáná igi sábẹ́ rẹ̀. Páìpù kan ti òkè àgbá jáde, ó gba inú ọpọ́n omi kọjá, ọtí sì ń kán ní òpin rẹ̀. Ọtí lásán ń hó ní nǹkan bí 78°C, omi ní 100°C; nítorí náà ọtí ni ó pọ̀ jù nínú èéhó tí ó kọ́kọ́ jáde.

Ẹ má wo ọtí tí ń kán, ẹ wo omi inú ọpọ́n. Kò pẹ́ tí yóò fi gbóná tí ọwọ́ kò fi ní lè gbà á. Òṣìṣẹ́ ní láti máa gbọ́n ọn dànù, kí ó sì máa da omi tútù sí i, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ibẹ̀ ni igi ìdáná ń lọ. Ooru tí igi fi sínú èéhó, ọpọ́n ni ó gbà á, odò sì ni a dà á sí. Ọtí tí a gbé lọ sọ́jà kò mú ju díẹ̀ lára rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní ilé-iṣẹ́ ńlá, àfi pé níbẹ̀ òpó ìsèkán gba ipò àgbá, bọ́ílà gba ipò igi. Ó tilẹ̀ burú sí i níbẹ̀ ní ọ̀nà kan, nítorí pé kí ọtí lè mọ́ dáadáa, a ní láti dá apá kan ohun tí ó ti kán padà sí orí òpó kí ó tún ṣàn wálẹ̀, kí a sì tún sọ ọ́ di èéhó. Ìdápadà ni a ó pe èyí. Ìdápadà ni ó ń mú kí ọtí mọ́, òun náà ni ó sì ń jẹ iná.

Bí ẹ bá wá wo ìsàlẹ̀ òpó, ooru ń wọlé níbẹ̀ ní ìwọ̀n 100°C tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ní òkè òpó, ó ń jáde ní 78°C, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ó jáde. Òpó kò jẹ ooru náà. Ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ ni ó fi nǹkan bí 22 wálẹ̀. A wá ń da gbogbo rẹ̀ nù nítorí pé ó ti wálẹ̀ díẹ̀ báyìí, a sì ń dá iná tuntun nísàlẹ̀. Ẹni tí ń lo ooru fún ohun tí ó jẹ́ ìgbóná lẹ́nu rẹ̀ kò lè rí ìfiṣòfò yìí, yóò máa rò pé iṣẹ́ ni ó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ya ooru kúrò lára ìwọ̀n ìgbóná ni yóò béèrè pé: ṣé kò sí bí a ti lè gbé e padà sókè ni?

Apọnoru

Àrẹ̀mọ wà ní ìtòsí òkè Mápó, gbogbo wa níbẹ̀ sì mọ̀ pé omi kì í gun òkè fúnra rẹ̀. Kí ẹ̀rọ omi tó kárí, nígbà tí omi Ẹlẹ́yẹlé ti 1942 kò tíì dé ojúlé gbogbo, àti ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá gbẹ, orí ni a fi ń gbé omi láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni apọnmi. Apọnmi kò ṣẹ̀dá omi. Omi ti wà nísàlẹ̀. Ohun tí apọnmi fi kún un ni agbára ẹsẹ̀ àti ọrùn rẹ̀. Bí òkè náà bá kúrú, garawa púpọ̀ ni yóò gbé kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ga, ìwọ̀nba díẹ̀ ni.

Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe nìyẹn. Ó ń pọn ooru láti ibi tí ìwọ̀n ìgbóná ti kéré sí ibi tí ó ti ga, ó sì ń ná agbára díẹ̀ láti ṣe é. Nítorí náà apọnoru ni a pè é. Ìpajẹ fáwẹ̀lì tí ó wà nínú apọnmi náà ni ó wà níbí: a + pọn + omi ń pa /o/ àkọ́kọ́ jẹ, a + pọn + ooru ń pa ọ̀kan jẹ nínú /oo/, èkejì sì dúró. Ẹnjinníà kan tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ fẹ́ kí a lo pọ́ǹpù ooru. N kò bá a jiyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí pọ́ǹpù ń mú wá sí ọkàn àwọn ará ilé wa ni ẹnu ẹ̀rọ tí a ń ṣí, tí omi a sì dà. Ẹlòmíràn ní kí a lo amúgbóná. Èyí ni mo kọ̀ pátápátá, nítorí ohun tí ẹ̀rọ náà kò ṣe gan-an ni ó sọ. Bọ́ílà ni amúgbóná. Ó sì dùn mọ́ mi pé pọn tí a ń lò fún omi ni a ń lò fún ọtí pẹ̀lú. Bóyá ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọ ara wọn ni, bóyá ọ̀kan ni, a ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tí ń kọ ìwé atúmọ̀.

Èrò náà ti pẹ́. William Thomson, tí a wá mọ̀ sí Lord Kelvin, ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1852 pé a lè fi ẹ̀rọ pọn ooru láti mú ilé móoru. Ní nǹkan bí 1856 sí 1857, Peter von Rittinger lo irú rẹ̀ ní Ebensee, nílẹ̀ Austria, láti fi gbẹ omi iyọ̀. Ní ti àwa, apọnoru ti wọ ilé wa tipẹ́, àwa ni a kò dá a mọ̀: fìríìjì ni. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn fìríìjì, yóò gbóná. Ooru tí ó wà lára omi àti ẹran tí a kó sínú rẹ̀ ni ó pọn jáde síbẹ̀.

Báwo ni ó ṣe ń pọn ọ́n? Gbogbo rẹ̀ dá lórí pé ìwọ̀n ìgbóná tí ohun kan fi ń hó kì í dúró lójú kan. Omi ń hó ní 100°C nínú ìkòkò wa. Bí a bá dé ìkòkò lẹ́nu pinpin, tí ohun inú rẹ̀ sì ń fún ara rẹ̀ mọ́ra ní ìlọ́po méjì ti afẹ́fẹ́ àyíká, nǹkan bí 120°C ni yóò tó hó. Bí ó bá jẹ́ ìdajì ti afẹ́fẹ́ àyíká, nǹkan bí 81°C ti tó. Èéhó tí a bá fún pọ̀ ń gbóná sí i, ó sì ń di omi padà ní ìwọ̀n ìgbóná tí ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní òkè òpó ìsèkán, dípò kí a gba èéhó 78°C sínú omi tútù, a ó gbà á sínú ẹ̀rọ afúnpọ̀. Yóò jáde níbẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó lè fi di omi ní nǹkan bí 110°C. A ó wá mú un lọ sí ìsàlẹ̀ òpó nínú páìpù. Ibẹ̀ ni yóò ti tú ooru afarapamọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí ó wà nísàlẹ̀, tí èyí yóò sì hó. Èéhó òkè di iná ìsàlẹ̀. Apọnoru onítààrà ni a lè pe irú èyí. Irú kejì, apọnoru aláyìíká, kò fún èéhó òpó fúnra rẹ̀ pọ̀. Ohun ṣíṣàn mìíràn ni ó ń yí po nínú páìpù tirẹ̀ bí ti fìríìjì, tí ó ń gba ooru lókè, tí ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ nísàlẹ̀. Irú kejì dára níbi tí èéhó òpó bá ń jẹ irin tàbí tí a kò fẹ́ kí ohunkóhun bà á jẹ́.

Ìlọ́po

Iye ooru tí apọnoru gbé sókè fún ìwọ̀n agbára kan tí a ná ni a ó pè ní ìlọ́po rẹ̀. Láti inú iṣẹ́ Sadi Carnot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní 1824, a mọ òkè tí ìlọ́po kò lè kọjá. A ó ka ìwọ̀n ìgbóná láti -273°C, níbi tí òtútù ti parí; a ó fi gíga tí a fẹ́ pọn ooru náà pín ìwọ̀n ìgbóná ti òkè. Láti 78°C dé 110°C, 383 ni a ó fi 32 pín: nǹkan bí 12. Ẹ̀rọ tòótọ́ kò lè dé ibẹ̀. Bí ó bá mú ìdajì wá, 6 nìyẹn: a ná agbára kan, a rí ooru mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 150°C ni a fẹ́, 423 ni a ó fi 72 pín, kò pé 6, ìdajì rẹ̀ kò sì pé 3. Bí òkè ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù apọnmi ń dín.

Níbí ni a ti lè mọ ibi tí apọnoru yẹ àti ibi tí kò yẹ. Gáàsì propane ń hó ní -42°C, propylene ní nǹkan bí -48°C. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ìwọ̀n mẹ́fà lọ. Yíyà wọ́n gba òpó gíga àti ìdápadà púpọ̀, ooru tí a ń lò sì pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n òkè tí a ó pọn ọ́n gùn kúrú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé lára irú òpó yìí ni apọnoru onítààrà ti gbilẹ̀ jù lọ ní àgbáyé. Ìsèkán epo rọ̀bì yàtọ̀. Ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, tí a sì kọ́ láti fọ 650,000 àgbá lóòjọ́, bí ti gbogbo ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, iná ni a fi ń mú epo rọ̀bì gbóná kọjá 300°C kí ó tó wọ òpó. Láti ibẹ̀ dé òkè òpó jìn púpọ̀ fún apọnoru. Wọ́n a máa fi ohun gbígbóná tí ń jáde mú ohun tútù tí ń wọlé gbóná dípò rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ọtí wà láàrin àwọn méjèèjì, ó sì sún mọ́ ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni ń yí afúnpọ̀, a sì ní láti béèrè ibi tí iná náà ti wá. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ iná tí ń sun gáàsì tí ó sì ń sọ ìdá kan nínú mẹ́ta ooru rẹ̀ di iná, ooru mẹ́ta ni a ná kí a tó rí iná kan. Bọ́ílà tí a bá fún ní ooru mẹ́ta kan náà yóò fi nǹkan bí 2.4 ránṣẹ́ sí òpó. Apọnoru tí ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 6 yóò fi 6 ránṣẹ́, ìyẹn ju ìlọ́po méjì ti bọ́ílà lọ. Èyí tí ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 3 yóò fi 3 ránṣẹ́, owó tí a fi rà á ni yóò sì jẹ èrè kékeré náà tán. Bí iná náà bá ti ara omi Káínjì tàbí ti ara oòrùn wá, ìṣirò yóò yí padà sí rere.

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìṣirò Carnot. Iná ń lọ. Ní 2024, ọ̀pọ̀ ìgbà ni gbogbo wáyà iná orílẹ̀-èdè Nàìjíríà dákú lẹ́ẹ̀kan náà. Òpó ìsèkán kì í ṣe ọlọ: bí afúnpọ̀ bá dúró, híhó yóò dúró, ohun tí ó ti yà ní òkè yóò ṣàn padà wálẹ̀ láti tún dàpọ̀, wákàtí púpọ̀ sì ni yóò gbà kí ó tó padà bọ̀ sípò. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ra apọnoru ní láti ní bọ́ílà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó máa fi jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ yí i. Èrò tèmi ni pé jẹnẹrétọ̀ tí ń sun gáàsì, tí a tún gba ooru inú èéfín rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òpó, lè gbe apọnoru. Jẹnẹrétọ̀ dísù kò lè gbè é, owó epo rẹ̀ yóò kọjá ohun tí a jèrè.

Ṣáájú gbogbo èyí, ohun kan wà tí kò gba iná mànàmáná rárá, tí àwọn ará etí omi lè ṣe lónìí. Kí páìpù tí ó ti àgbá jáde kọ́kọ́ gba inú ògùrọ̀ tí a ó sè tẹ̀lé e kọjá, kí ó tó dé ọpọ́n omi. Ògùrọ̀ yóò ti gbóná kí ó tó wọ àgbá, igi yóò dín. Kì í ṣe apọnoru ni ìyẹn, nítorí ooru ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ níbẹ̀ láti ibi gíga sí ibi tí kò ga, kò sí ẹni tí ó pọn ọ́n. Mo mẹ́nu bà á kí ẹnikẹ́ni má baà pe gbogbo ìgbàpadà ooru ní apọnoru.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti ń sọ pé èéhó ń fún ara rẹ̀ mọ́ra, mo sì ti ń pe bí ìyẹn ti tó ní ìfúnmọ́. Lórí rédíò, ìfúnpá ni wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n bá ń sọ ti ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfúnpá ni oògùn tí àwọn bàbá wa ń so mọ́ apá, n kò sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan máa wá a lára páìpù. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára ju ìfúnmọ́ lọ, kí ó fi ránṣẹ́. Ní báyìí ná, òun ni mo fi tún ìkìlọ̀ ara ògiri yẹn kọ, tí mo sì kọ́kọ́ kà á sí etí ọ̀dọ́mọkùnrin tí apá rẹ̀ bó kí n tó fún wọn: “Bí ìfúnmọ́ èéhó inú páìpù bá kọjá àmì pupa, ẹ dúró lẹ́yìn ìlà, kí ẹ fi ọ̀pá gígùn ṣí fáàfù kékeré. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án.” Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá èéhó ni ohun funfun tí ó bó òun lápá lọ́jọ́ náà, tàbí omi tí ó ti di padà.